Ta Ni Ó Tẹ Rochester Dó? Austin Steward àti Abúlé Etí Odò Àgbẹ́



Bí a bá dé ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a sì fẹ́ mọ ìtàn rẹ̀, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń bi àwọn àgbà ni pé, "Ta ni ó tẹ ìlú yìí dó?" Ìdáhùn kì í pẹ́ jáde. Wọn yóò ní ọdẹ kan ni ó kọ́kọ́ dá iná sí ibẹ̀, tàbí ọmọ ọba kan tí ó fi ìbínú kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí pé Ifá ni ó ní kí baba ńlá wọn má ṣe kọjá ibẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ìdáhùn náà sábà máa ń jẹ́. Orúkọ yìí ni a ó máa fi ki ìlú, ìdílé rẹ̀ ni yóò máa jẹ oyè, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá sì di ti kóòtù, òun ni àwọn agbẹjọ́rò yóò máa pè níwájú adájọ́. Nítorí náà, ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ẹni tí a bá pè ní olùtẹ̀dó, àwọn ọmọ rẹ̀ ni onílẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù di àtọ̀húnrìnwá, ì báà jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ ṣán igbó.

Ìlú tí mo fẹ́ fi yẹ ìbéèrè yìí wò lónìí jìnnà sí wa. Rochester ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀bá odò Genesee, odò kan tí ó ń ṣàn lọ sí ìhà àríwá títí yóò fi wọ inú adágún Ontario. Ohun tí ó mú mi yàn án ni pé kò pẹ́ tí a tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn ọdún tí ó fi ń kúrò ní igbó di abúlé, tí ó fi ń kúrò ní abúlé di ìlú ńlá, kò jìnnà sí àwọn ọdún tí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀. Ìwé ilẹ̀, ìwé òfin àti ìwé ìkànìyàn wà tí a lè fi tọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó sì wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tètè gbé ibẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú tí ó ti ṣe ẹrú rí, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀. Austin Steward ni orúkọ rẹ̀.

Mo ní láti sọ ohun tí mo ń pè ní odò àgbẹ́. Odò tí Ọlọ́run dá, ibi tí ó wù ú ni ó ń gbà. Odò àgbẹ́, ènìyàn ni ó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ, ènìyàn ni ó sì sọ ibi tí omi yóò gbà. Àwọn àgbà Èkó kò ní ṣàìmọ kánáàlì MacGregor tí ó ya Ìkòyí kúrò lára Erékùṣù Èkó nígbà kan. Èyí tí a ń sọ yìí tóbi ju ìyẹn lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wé. Láti Albany ní etí odò Hudson títí dé Buffalo ní etí adágún Erie, máìlì 363 ni a gbẹ́. Ìbú rẹ̀ lókè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, jíjìn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ: ọkùnrin tí ó ga dáadáa lè dúró nínú rẹ̀ kí omi má kan ọrùn rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń kọjá nínú rẹ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì, wọn kì í sì í tu ú bí a ti ń tu ọkọ̀ ojú ọ̀sà. Ẹṣin tàbí ìbaaka ni wọ́n ń so okùn mọ́, tí yóò máa rìn ní bèbè, tí yóò sì máa fa ọkọ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, wọn a mọ yàrá òkúta kan sínú omi, wọn a fi ìlẹ̀kùn sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ a wọlé, wọn a ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọn a jẹ́ kí omi òkè rọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ a sì máa gòkè pẹ̀lú omi títí yóò fi bá ipele kejì dọ́gba. Irú yàrá omi bẹ́ẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà náà jẹ́ 83.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ìwé gba gbogbo ènìyàn níyànjú pé kí a gbẹ́ odò yìí jẹ́ oníṣòwò ìyẹ̀fun kan tí ń jẹ́ Jesse Hawley. Gbígbé ìyẹ̀fun gba ọ̀nà tí kò dára ni ó jẹ owó rẹ̀ run, gbèsè sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní Canandaigua. Inú ẹ̀wọ̀n yìí ni ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn ní 1807 àti 1808, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé ohun tí ó pa á lówó ni ó là á lójú.

Kí a padà sórí ilẹ̀. Kí Rochester tó wà, ilẹ̀ àwọn Seneca ni. Àwọn Seneca jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà mẹ́fà tí wọ́n para pọ̀ di Haudenosaunee, àwọn tí òyìnbó ń pè ní Iroquois. Ogun òmìnira Amẹ́ríkà ṣe wọ́n léṣe gidigidi. Ní 1779 ọ̀gágun John Sullivan kó ọmọ ogun wọ àárín wọn, ó sun abúlé wọn, ó sì ba oko àgbàdo wọn jẹ́. Ní 1788 ni oníṣòwò ilẹ̀ kan, Oliver Phelps, wá bá wọn jókòó. Àwọn Seneca fẹ́ kí odò Genesee jẹ́ ààlà, wọn kò fẹ́ ta ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Phelps ní ilẹ̀ díẹ̀ péré ni òun ń fẹ́ ní òdìkejì, ní ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, kí a lè kọ́ ilé ọlọ tí yóò máa lọ ọkà fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n gbà. Ìbú ilẹ̀ "díẹ̀" yìí jẹ́ máìlì 12, gígùn rẹ̀ sì ju máìlì 20 lọ. Mo ti rí ọlọ ata, mo ti rí ọlọ èlùbọ́, mo ti rí ọlọ tí ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́; n kò tíì rí èyí tí àgbàlá rẹ̀ tó ìdajì ìdajì ìyẹn.

Nínú ilẹ̀ yìí ni a ti fún Ebenezer Allan ní éékà 100, kí ó lè kọ́ ilé ọlọ tí a ṣèlérí. Ó kọ́ ọ ní 1789. Ọlọ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé ọkà wá, nítorí igbó ni gbogbo àyíká, ibà sì ń pa ènìyàn ní ẹrẹ̀ etí odò náà. Allan bá tirẹ̀ lọ, ọlọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Bí a bá fi ìṣe tiwa wò ó, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dá iná ni a ń pè ní olùtẹ̀dó, òun ni à bá máa ki ìlú náà mọ́. Kò sí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1803, àwọn ọlọ́lá mẹ́ta láti Maryland ra éékà 100 náà ní dọ́là 17 àti àádọ́ta sẹ́ǹtì fún éékà kan: Charles Carroll, William Fitzhugh àti Nathaniel Rochester. Ní 1811 ni Rochester wọn ilẹ̀, tí ó fà á sí ojúlé ojúlé lórí ìwé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ní 1812, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hamlet Scrantom kó aya àti ọmọ rẹ̀ wọ inú ilé onígi kan níbẹ̀, ọdún yẹn náà ni a sì parí afárá orí odò. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 1815, 331 ni gbogbo wọn. Ní 1817, ìjọba ìpínlẹ̀ fún wọn ní ìwé abúlé, a sì sọ ọ́ ní Rochesterville. Ní 1822 ni wọ́n gé orúkọ náà kúrú di Rochester.

Ta ni Nathaniel Rochester yìí? A bí i ní Westmoreland, ní Virginia, ní 1752. Ó kópa nínú ogun òmìnira, ó ṣòwò ní Hagerstown ní Maryland, ó sì ní ẹrú. Ní 1810, nígbà tí ó ti tó ẹni ọdún 58, ó kó ìdílé rẹ̀ wá sí agbègbè Genesee, àwọn ẹrú rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n bá a rin ìrìn náà. Ó dá àwọn kan nínú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dé New York. Ó kọ́kọ́ gbé ní Dansville, lẹ́yìn náà ní Bloomfield. Ọdún 1818 ni ó tó wá gbé inú abúlé tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún yìí sọ́kàn.

Ọ̀nà tí Nathaniel Rochester gbà wá, òun náà ni Austin Steward gbà wá, àyàfi pé kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ wá. Virginia ni a bí òun náà sí, ní Prince William, ní 1793, sí ilé ọ̀gá kan tí ń jẹ́ William Helm. Agbègbè méjèèjì tí mo dárúkọ yìí ni odò Potomac fi ṣe ààlà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ajé dojú rú fún Helm, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ìhà gúúsù ń ṣe nígbà náà: ó kó gbogbo agbo ilé rẹ̀, ẹrú àti ọmọ, lọ sí ilẹ̀ tuntun ní New York. Wọ́n kọ́kọ́ dúró ní Sodus, ní etí adágún Ontario, lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí Bath. Àwọn ẹrú yìí ni wọ́n gé igi, tí wọ́n kọ́ ilé, tí wọ́n ro oko. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ṣán igbó ni ó tẹ ibùdó dó, a ó ní láti tún ìwé ìtàn agbègbè Genesee kọ láti ojú ewé àkọ́kọ́.

Òfin ni ó yọ Steward. Ìpínlẹ̀ New York ti ṣòfin ní 1799 pé ọmọ tí ẹrú bá bí láti ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún náà lọ yóò di òmìnira bí ó bá dàgbà. A bí Steward ṣáájú, òfin yìí kò kàn án. Ṣùgbọ́n òfin kò gba ẹni tí ó kó ẹrú wọ ìpínlẹ̀ náà láyè láti máa fi í ṣòwò, Helm sì máa ń yá Steward fún ẹlòmíràn, owó iṣẹ́ rẹ̀ a sì bọ́ sápò Helm. Nígbà tí Steward gbọ́ pé èyí lè sọ òun di òmìnira, ó lọ bá Dennis Comstock, tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tí ń jà fún ìdásílẹ̀ ẹrú. Otis Comstock gbà á sílé ní Farmington, abúlé àwọn Kúékà, ó sì ń san owó iṣẹ́ fún un. Níbẹ̀ ni ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ó ti tó ẹni ọdún 23, òun pẹ̀lú irùngbọ̀n láàárín àwọn ọmọdé. Ẹni tí ó bá ti kọ́ àgbàlagbà ní ìwé ní àwọn kíláàsì alẹ́ wa yóò mọ irú ìgboyà tí ìyẹn gbà.

Ní 1817 ni ó wọ Rochester. Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọdún yìí díẹ̀, nítorí ohun púpọ̀ pàdé nínú rẹ̀. Ọdún yìí ni abúlé náà gba ìwé. Ọdún yìí ni ìpínlẹ̀ New York ṣòfin pé gbogbo ẹrú tí a bí ṣáájú 1799 yóò di òmìnira ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1827. Ọdún yìí, ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ni a kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ ní Rome, ní àárín ìpínlẹ̀ náà, láti gbẹ́ odò tí Gómìnà DeWitt Clinton ti ń jà fún. Ọdún yìí ni ọmọkùnrin ẹni ọdún 24 kan tí ó ti ṣe ẹrú rí ṣí ìsọ̀ ẹran sí abúlé kan tí ẹni tí ó ni orúkọ rẹ̀ kò tíì gbé. Steward ṣáájú Nathaniel Rochester dé Rochester.

Ojú wo ni wọ́n fi gbà á? Ó sọ fún wa nínú ìwé rẹ̀. Àwọn alápatà mìíràn wà ní abúlé náà tí wọn kò fẹ́ kí ó rí oníbàárà. Nígbà mìíràn wọn a fa pátákó ìsọ̀ rẹ̀ ya lulẹ̀. Nígbà mìíràn wọn a kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Ó fara dà á títí, kí ó tó mú kí ọlọ́pàá gbé ọ̀kan nínú wọn, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti jáwọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ronú lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré yìí. Pátákó ìsọ̀ jẹ́ ìkéde pé ènìyàn kan wà níhìn-ín, pé ó ní orúkọ, pé ó ní ohun tí ó ń tà. Àwọn tí wọ́n kùn ún ní dúdú mọ ohun tí wọ́n ń pa rẹ́. Ẹni tí òfin ti kà sí ẹrù ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ni ó sì wá di òfin mú láti dáàbò bo orúkọ rẹ̀. Ní tèmi, ọjọ́ tí wọ́n mú alápatà yẹn yẹ kí ó wà lára àwọn ọjọ́ tí a tẹ abúlé náà dó, nítorí ọjọ́ náà ni a mọ irú abúlé tí yóò jẹ́.

Ó ra ilẹ̀ ní Main Street ní dọ́là 500, ó sì kọ́ ilé alájà méjì sí i, apá kan fún ibùgbé, apá kan fún ọjà títà. Ní 1818 ó dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ènìyàn dúdú, níbi tí ó ti ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ jókòó láàárín àwọn ọmọdé ní Farmington.

Lẹ́yìn èyí ni odò dé. Ìṣòro kan wà ní Rochester tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní láti yanjú: odò àgbẹ́ ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, odò Genesee sì dábùú rẹ̀, ó ń já bọ́ láti orí àpáta kan sí òmíràn bí Olúmirìn ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, èyí tí ó ga jù nínú wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 96. Ọkọ̀ tí ó bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìyẹn, ó parí. Nítorí náà wọ́n mọ afárá òkúta lé orí Genesee, wọ́n sì mú omi odò àgbẹ́ gba orí afárá náà kọjá. Odò ń ṣàn lórí odò, ọkọ̀ ń lọ lókè, omi ń hó nísàlẹ̀. Gígùn afárá omi yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 802, ihò abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 11, a sì parí rẹ̀ ní 1823. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí a kó wá láti Auburn wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ náà. Ní ti odò àgbẹ́ fúnra rẹ̀, àgbẹ̀ àdúgbò àti àwọn tí wọ́n ṣí wá láti Ayáláńdì ni wọ́n gbẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí òpópónà kan ní Rochester tí ń jẹ́ orúkọ ẹlẹ́wọ̀n.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1825, gbogbo máìlì 363 ti parí. Ẹrù tọ́ọ̀nù kan tí ń náni ní nǹkan bí dọ́là 100 láti Buffalo dé ìlú New York kò náni tó dọ́là 10 mọ́ nígbà tí ó yá. Ohun tí èyí ṣe fún Rochester kì í ṣe kékeré. Ilẹ̀ agbègbè Genesee dára fún àlìkámà. Omi tí ń já láti orí àpáta yí ọlọ, ọlọ sọ àlìkámà di ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun wọ inú àgbá, àgbá wọ inú ọkọ̀, ọkọ̀ sì gba ẹnu ọ̀nà ilé ọlọ lọ sí etí òkun. Ilé ọlọ tí Allan kọ́ ní 1789 tí kò rí ọkà lọ̀ wá di púpọ̀ lórí ìlà kan. Láàárín 1820 àti 1830, iye ènìyàn ibẹ̀ kúrò ní 1,502, ó di 9,207. Ní 1834 ó kúrò ní ipò abúlé, ó di ìlú ńlá.

Ẹni tí ń ta ẹran àti oúnjẹ ní irú ibi bẹ́ẹ̀, tí ìsọ̀ rẹ̀ sì wà ní òpópónà tí ó ṣe pàtàkì jù, yóò rí owó. Steward rí i. Ṣùgbọ́n bí odò ti ń gbòòrò ni ẹnu ọ̀nà kan ń pa dé. Ní 1821, nígbà tí a ń tún òfin ìpínlẹ̀ New York kọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìdíwọ̀n ohun ìní kúrò lórí ìbò àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n a ní ọkùnrin dúdú tí yóò bá dìbò gbọ́dọ̀ ní ohun ìní tí ó tó dọ́là 250. Ọdún 1821 yìí kan náà ni a kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ó lè hàn sí wa pé ayé kan náà ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀: níbi kan a ń kó ènìyàn lọ tà, níbòmíràn a ń fi dọ́là wọn òmìnira fún ọmọ ẹni tí a ti tà.

Nígbà tí ọjọ́ 4 oṣù Keje 1827 kò, tí oko ẹrú parí ní New York, àwọn ènìyàn dúdú Rochester ṣe àjọyọ̀ wọn ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 5. Steward ni wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n tẹra mọ́ iṣẹ́, kí wọ́n ṣọ́ owó ná. Ọ̀rọ̀ oníṣòwò ni, kò gbóná. Àwọn kan lónìí lè ní ó rọ̀ jù. Èmi kò bá wọn lọ: ẹni tí wọ́n ti kun pátákó rẹ̀ ní dúdú mọ̀ dáadáa pé ojú tí ń wo àwọn ènìyàn rẹ̀ pọ̀ ní ìlú náà.

Ibi tí mo ti ń rí ọkùnrin yìí gẹ́gẹ́ bí olùtẹ̀dó gan-an ni ohun tí ó ṣe tẹ̀ lé e. Ní 1829, ní Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n gbé òfin líle ka àwọn ènìyàn dúdú lórí, àwọn jàǹdùkú sì kọlù wọ́n. Àwọn kan nínú wọn sá lọ sí Kánádà, wọ́n ra ilẹ̀ igbó pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn Kúékà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ abúlé kan tí wọ́n sọ ní Wilberforce, orúkọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jà kí òwò ẹrú dópin. Ní ìtòsí Freetown náà abúlé kan wà tí ń jẹ́ orúkọ yìí. Ní 1830 àwọn aṣojú ènìyàn dúdú pàdé ní Philadelphia lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Richard Allen, wọ́n sì yan Steward sí ipò igbákejì ààrẹ. Ní 1831, ó kó aya àti ọmọ, ó fi ilé alájà méjì sílẹ̀ ní Main Street, ó kọjá sí Wilberforce, wọ́n sì fi í ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀ abúlé náà.

Ní 1830 yìí kan náà ni àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun ti lé kúrò ní ilé baba wọn, tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ lọ sí abẹ́ Olúmọ. Mo mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà láàárín wọn, n kò sì fẹ́ fi agídí so wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, ìdí kan náà ni ó lé àwọn méjèèjì jáde. Àwọn tí wọ́n lọ sí Olúmọ pọ̀, wọ́n ní ológun, wọ́n ní òrìṣà tí wọ́n gbé dání, ìlú kọ̀ọ̀kan sì kó olóyè rẹ̀ wá, ó tún un gbé kalẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀. Àwọn ará Wilberforce kéré níye, owó ni wọ́n fi ń ra ilẹ̀, owó náà sì ní láti ti ọ̀dọ̀ àwọn aláàánú wá. Wọ́n rán àwọn aṣojú jáde láti tọrọ owó, Israel Lewis ní Amẹ́ríkà, Nathaniel Paul ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó tí wọ́n rí gbà kò dé abúlé bí ó ti yẹ, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Lewis àti ìgbìmọ̀ Steward, ìjà tí ó dé kóòtù, tí ó sì dé inú ìwé ìròyìn. Àwọn tí ń ta ilẹ̀ ní agbègbè náà kò fẹ́ tà fún ènìyàn dúdú mọ́. Ní 1837, Steward padà sí Rochester pẹ̀lú àpò tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìlú tí ó fi sílẹ̀ ní abúlé ti di ìlú ńlá, Nathaniel Rochester sì ti kú ní 1831.

Nítorí náà, ta ni ó tẹ Rochester dó? Ìwé ilẹ̀ ní Nathaniel ni, mi ò sì ní gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fa òpópónà sórí ìwé ṣe iṣẹ́, ó sì wá gbé ibẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé omi kò dé, bí abúlé Dansville ni ibẹ̀ ì bá rí. Omi ni ó sọ ọ́ di ìlú, àwọn tí wọ́n fa omi wá kò sì ní orúkọ níbẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn àwọn ìlú wa ni pé, nígbà tí bàbá àgbà bá ti dárúkọ olùtẹ̀dó tán fún yín, kí ẹ má tíì pa ìwé dé. Ẹ béèrè ẹni tí ó bá a rù. Ẹ béèrè ẹrú tí ó ṣán igbó, ìyàwó tí ó kọ́kọ́ ná ọjà, àlejò tí wọ́n da ìsọ̀ rẹ̀ nù tí kò sì lọ. Mo mọ agboolé tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀. Mo ti jókòó nínú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì fi ọgbọ́n sin mí jáde.

Odò àgbẹ́ náà kò sí ní àárín ìlú Rochester mọ́. Nígbà tí a gbẹ́ tuntun tí ó fẹ̀ jù ú lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ìhà gúúsù ìlú ni a mú un gbà. Ojú odò àtijọ́ gbẹ, a sì fi irin sí i fún ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ láti 1927 títí di 1956. Afárá omi kejì, tí a mọ ní 1842 láti rọ́pò ti 1823, ṣì dúró lórí Genesee. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni ń gba orí rẹ̀ báyìí, wọ́n ń pè é ní Broad Street.

Steward kó lọ sí Canandaigua, ìlú tí wọ́n ti ti Jesse Hawley mọ́lé nígbà kan, ó sì kọ ìwé rẹ̀. Ó jáde ní 1857. Àkọlé rẹ̀ sọ pé ọdún 22 ni ó fi ṣe ẹrú, ọdún 40 ni ó fi jẹ́ òmìnira. Lábẹ́ èyí, ní ojú ewé kan náà, ó kọ oyè kan ṣoṣo tí ó fẹ́ kí a fi mọ òun: ààrẹ Wilberforce, abúlé tí kò dúró. Orúkọ Rochester wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti tẹ ìwé náà.